PÍPỌ̀ WA KỌ́ LÓ Ń DÁ ÌWÉ DÚRÓ

Ẹ̀yin ará Bantè, ẹ̀yin ará Savalou, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ń yan gàrí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń gun zémìjàn!

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ni ojú ìwé yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má kánjú. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan iná, ẹ pe aládùúgbò yín, kí ẹ jọ kà á. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀rọ̀ iye wa ni, àti ọ̀rọ̀ ìwé.

Irọ́ kan wà tí ẹ ti gbọ́ rí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tí iṣẹ́ ti sú. Nígbà mìíràn, ẹ̀yin fúnra yín ń sọ ọ́. Irọ́ náà ni pé: "Àwa ará abúlé ti pọ̀ jù. Ọmọ pọ̀ jù. Owó kò tó. Ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi lè kárí."

Àwa sọ pé irọ́ ni. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pa irọ́ náà. Nọ́ńbà náà la ó fi já a.

IYE WA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìkànìyàn ni pé kí ìjọba rán ènìyàn lọ sí gbogbo ilé, láti ìlú ńlá títí dé ahéré oko, kí wọ́n ka gbogbo orí: ọmọ ọwọ́, arúgbó, ọkùnrin, obìnrin, onílé, àlejò. Wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́. Wọ́n tún ń béèrè ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé.

Ní ilẹ̀ Benin, ìkànìyàn gbogbogbòò wáyé ní 1979, ní 1992, ní 2002 àti ní 2013. Ẹ wo ohun tí wọ́n rí:

Ní 1979, gbogbo wa jẹ́ 3,331,210.
Ní 2002, a jẹ́ 6,769,914.
Ní 2013, a jẹ́ 10,008,749.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín ọdún 34, àwa ará Benin di ìlọ́po mẹ́ta. Níbi tí ẹni 1 jókòó sí ní 1979, ẹni 3 ló jókòó síbẹ̀ ní 2013.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ní 2002, àwọn ará Bantè lé ní 82,000. Ní 2013, wọ́n ti sún mọ́ 107,000. Àwọn ará Savalou sún mọ́ 105,000 ní 2002. Ní 2013, wọ́n ti lé ní 144,000. Gouka, Pira, Akpassi, Tchetti, Doumè, Logozohè: gbogbo wa la wà nínú iye yẹn. Bí ẹ bá bímọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ yín wà nínú rẹ̀.

Òtítọ́ ni pé a ń pọ̀ sí i. A kò sẹ́ ẹ. Ohun tí a sẹ́ ni ohun tí wọ́n ń fi òtítọ́ náà bò mọ́lẹ̀.

ÌWÉ WA

Nísinsìnyí, ẹ wo ti ìwé. Ẹ mú 100 àgbàlagbà ní ilẹ̀ Benin, àwọn tó ti pé ọdún 15 àti àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tò wọ́n sí ìlà kan. Ẹ béèrè pé: "Ta ló lè kà? Ta ló lè kọ?"

Ní 1979, àwọn tó lè nàwọ́ sókè nínú 100 kò pé 17.
Ní 2002, wọ́n tó bíi 35.
Ní 2018, wọ́n tó bíi 42.

Ṣé a tẹ̀síwájú? Bẹ́ẹ̀ ni. A kò ní fojú di iṣẹ́ àwọn tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2018, ẹni 58 nínú 100 ṣì dúró sí ìta. Nítorí pé a sì ń pọ̀ sí i, iye àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ní 2018 ju ìlọ́po méjì iye tó wà ní 1979 lọ. Ó dà bí àgbẹ̀ tó ń ro oko níwájú, tí koríko ń hù lẹ́yìn rẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn onírọ́ ti ń fò dìde. "Ẹ ò rí i? Ṣé a kò sọ fún yín? Ẹ ti pọ̀ jù!"

Ẹ ní sùúrù. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ti àwọn obìnrin ńkọ́?

Ní 2018, nínú 100 ọkùnrin ní ilẹ̀ wa, bíi 54 ló mọ̀wé. Nínú 100 obìnrin, bíi 31 péré ni. Ọkùnrin àti obìnrin ń gbé nínú ilé kan náà. Abúlé kan náà ni wọ́n wà. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn lórí. Ìṣẹ́ kan náà ló ń bá wọn fínra. Bí ó bá jẹ́ pé pípọ̀ ló ń dá ìwé dúró, ìbá dá ti ọkùnrin dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti dá ti obìnrin dúró. Kí ló dé tí ó fi ya ọkùnrin sílẹ̀, tí ó di obìnrin mú?

Pípọ̀ kọ́. Nǹkan mìíràn ni.

IBI TÍ KAJÚ YÍN LỌ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kí a tó padà sílé. Kajú tí ẹ̀ ń ṣà nísàlẹ̀ igi, tí ẹ̀ ń dì sínú àpò, níbo ló ń lọ? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Benin tó fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ òkun ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí India. Ní India, ìlú kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ kajú pọ̀ sí gan-an. Kollam ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọ́ ọ. Kollam wà ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní etí òkun.

Ẹ fetí sí ìtàn Kerala.

Ilẹ̀ Kerala kò tó ilẹ̀ Benin rárá. Bí ẹ bá pín ilẹ̀ Benin sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan nínú rẹ̀ ni Kerala tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kànìyàn níbẹ̀ ní 2011, wọ́n rí ènìyàn 33,406,061. Èyí ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo ará Benin lọ! Ẹ wọn ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Ní ẹkùn Collines wa, ènìyàn bíi 51 ló ń gbé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2013. Ní Kerala, ènìyàn 860 ni.

Nínú 100 ará Kerala, láti orí ọmọ ọdún 7 lọ sókè, ẹni mélòó ló mọ̀wé ní 2011? Ẹni 94. Àwọn obìnrin ńkọ́? Nínú 100 obìnrin, 92.

Ta ló tún ń sọ pé pípọ̀ ni kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀wé?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bóyá ilẹ̀ India ni gbogbo wọn ti mọ̀wé bẹ́ẹ̀." Ó tì o. Ní ilẹ̀ India kan náà, lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan náà, ìpínlẹ̀ mìíràn wà tí ń jẹ́ Bihar. Níbẹ̀, ènìyàn fún mọ́ra ju ti Kerala lọ. Ní 2011, nínú 100 ará Bihar, bíi 62 ló mọ̀wé. Nínú 100 obìnrin ibẹ̀, bíi 52 ni. Èrò pọ̀ ní Bihar. Èrò pọ̀ ní Kerala. Ọ̀kan mọ̀wé, èkejì ṣì ń rákò. Pípọ̀ kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ wo ni àwọn ará Kerala ṣe? Wọn kò ṣe é ní ọjọ́ kan. Láti 1817 ni ọbabìnrin kan ní apá kan ilẹ̀ náà, Gowri Parvati Bayi, ti pàṣẹ pé ìjọba ni yóò máa san owó ẹ̀kọ́ àwọn ará ìlú. Àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ kọ́ ilé ìwé kálẹ̀. Wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin wọlé pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà kan ṣì kù tí kò mọ̀wé. Nígbà náà ni àwọn ará ìlú fi ara wọn jìn. Ní 1989, ní àgbègbè Ernakulam, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde láti kọ́ aládùúgbò wọn láìgba owó oṣù. Wọ́n kọ́ wọn nínú ilé. Wọ́n kọ́ wọn níbi iṣẹ́. Malayalam, èdè tí ìyá wọn fi tọ́ wọn, ni wọ́n fi kọ́ wọn. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, wọ́n wá awò ojú fún un. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n kéde pé Ernakulam ti di àgbègbè mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Wọ́n mú iṣẹ́ náà dé gbogbo Kerala. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1991, wọ́n kéde ti gbogbo ìpínlẹ̀.

Ta ni wọ́n ní kó ka ìkéde náà? Mínísítà kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ni, Chelakkodan Ayisha. Ó dìde níwájú ogunlọ́gọ̀, ó sì kà á sí wọn létí. Bí ẹ̀yin náà ti ń ka èyí ni òun náà kà á.

Nǹkan kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ sọ. Láti 2001 dé 2011, àwọn ará Kerala kò fi 5 nínú 100 pọ̀ sí i. Obìnrin ibẹ̀ ń bí ọmọ bíi 2 nígbà náà. Ní ilẹ̀ Benin, ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2017 sí 2018 fi hàn pé obìnrin wa ń bí bíi 5 tàbí 6. Kì í ṣe pé a ń sọ fún yín pé kí ẹ má bímọ. Ọmọ laṣọ. Ohun tí a ń sọ ni pé, obìnrin tó mọ̀wé, tó lè ka káàdì ilé ìwòsàn, tó mọ ìgbà tí a ó gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ kì í tètè kú. Òun náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu iye tí òun fẹ́ bí. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé "Ẹ dín kù ná, kí a tó kọ́ yín" ti gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n fi orí sílẹ̀. Ìwé ló ń ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

ÀWỌN Ọ̀TÁ MẸ́TA

Bí pípọ̀ wa kọ́ ló ń dá ìwé dúró, kí ni? Àwa rí ọ̀tá mẹ́ta.

Ọ̀tá kìíní ni kíkọ́ ènìyàn ní èdè tí kò gbọ́. Ọmọ Bantè ń sọ Itcha nílé. Ọmọ Tchetti ń sọ Ifẹ̀. Ọmọ Savalou ń sọ Máhì. Ní ọjọ́ tó bá wọ kíláàsì kìíní, Faransé ni olùkọ́ ń sọ sí i. Kò mọ lẹ́tà, kò sì gbọ́ èdè: ẹrù méjì lórí ọmọdé kan. Ọ̀pọ̀ ń sọ ẹrù náà kalẹ̀, wọ́n ń padà sí oko. Lẹ́yìn náà, a ní orí wọn kò pé!

Ìjọba ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1972, ìjọba Kérékou gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí a gbé èdè ìlú wa ga. Wọ́n ṣí kíláàsì àgbà. Wọ́n tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa. Ohun rere ni, a kò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin dùn lẹ́nu ju bí iṣẹ́ ti tó lọ. Èdè wa wọ kíláàsì àgbà, kò jókòó dáadáa sí ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Nígbà tó sì di 1988 àti 1989, tí báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, ta ló tún rántí ṣọ́ọ̀kì kíláàsì abúlé?

Lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Cotonou ní oṣù kejì ọdún 1990, a ní òfin tuntun, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Abala 11 sọ pé gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ mú èdè ìlú dàgbà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń béèrè kíláàsì ní èdè yín, kì í ṣe ojúrere lẹ̀ ń tọrọ. Gbèsè lẹ̀ ń béèrè.

Ọ̀tá kejì wà nínú ilé wa. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin la ń bá wí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ pé, "Kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ìyàwó jí kí àkùkọ tó kọ. Ó pọn omi. Ó ṣẹ́gi. Ó dáná. Ó lọ sí oko. Ó bó ẹ̀gẹ́, ó rin ín, ó yan gàrí. Gbogbo ènìyàn ló mọ gàrí Savalou, ta ló mọ ọwọ́ tó yan án? Nígbà tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, iná ọbẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ ti jókòó sí kíláàsì. Lẹ́yìn náà, a ní obìnrin kò fẹ́ràn ìwé. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Àkókò ni a kò fún un.

Ọ̀tá kẹta ni àìrí nǹkan kà. Ẹni tó kọ́ lẹ́tà lónìí, tí kò rí ìwé kà fún ọdún kan, yóò gbàgbé. Ìwé dà bí ọ̀nà oko. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́, koríko yóò bò ó. Wọ́n ṣí kíláàsì fún yín, wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n lọ. Ìwé ìròyìn kò dé. Ìkéde mẹ́ẹ̀rì, Faransé ni. Ìwé egbòogi, Faransé ni. Ìwé ilẹ̀, Faransé ni. Kí lẹ ó wá kà?

OHUN TÍ À Ń PÀDÁNÙ

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iyì lásán là ń sọ. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Ẹ mú pẹ́ńsù yín, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ ní àpò kajú 10. Oníṣòwò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ kò lè ka nọ́ńbà tó wà lójú òṣùwọ̀n, ẹ kò sì lè ka ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó gé kílò 5 kúrò nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Kílò 5 lọ́nà 10, kílò 50 ni. Ká sọ pé kílò kan jẹ́ 300 sẹ́fà. 50 lọ́nà 300, mélòó ni? 15,000 sẹ́fà. Ó ti lọ. Ẹ kò rí ẹni tó jí i. Ẹ tilẹ̀ kí i pé ó ṣeun.

Nígbà tí àkókò kajú bá tó, ìjọba a máa kéde iye tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ ra kílò kan sílẹ̀ sí. Ẹni tó mọ̀wé yóò kọ iye náà sára ògiri ilé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́tà ni àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ kajú rẹ̀.

Ti ilẹ̀ burú ju ti kajú lọ. Kajú yóò tún so lọ́dún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ tó bá lọ kì í padà. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìwé ti di ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ilẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹnu àgbà tó. Igi pèrègún tó fún ààlà. Lónìí, adájọ́ yóò béèrè pé: "Ìwé dà?" Ẹnì kan lè wá bá yín pé òun fẹ́ yá ilẹ̀ dáko fún ọdún 10. Ó mú ìwé wá. Ó fa àtàǹpàkò yín, ó tì í bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun yá a. Nínú ìwé, ó ní ẹ tà á. Àtàǹpàkò yín ti jẹ́rìí lòdì sí yín. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọ́n pọ̀ jù, orí ilẹ̀ wo ni wọn yóò dúró sí?

Ẹ̀yin ará wa, èyí ni ìtumọ̀ irọ́ náà. Àwọn tó ń jẹ nínú àìmọ̀wé wa ni yóò máa sọ pé a pọ̀ jù láti kọ́. Òṣùwọ̀n tó ń parọ́ kò fẹ́ àgbẹ̀ tó lè ka nọ́ńbà.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÓ Ń YẸ ÌWÉ SÍLẸ̀

Wọ́n ní: "Ìwé ní èdè wa kì í ṣe ìwé. Faransé nìkan ni ìwé." Ẹ dá wọn lóhùn pé: ní gbogbo àgbáyé, UNESCO ti sọ ọ́ pé ẹni tó lè ka gbólóhùn kékeré nípa ìgbé ayé rẹ̀, tó lè kọ ọ́, tó sì yé e, ẹni náà mọ̀wé. Wọn kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Faransé. A kò sọ pé kí ẹ sá fún Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti inú yàrá ara ẹni la ti ń jáde sí òde. Ẹni tó mọ lẹ́tà ní èdè ìyá rẹ̀ yóò tètè mọ̀ ọ́n ní èdè àlejò.

Wọ́n ní: "Mo ti dàgbà jù." Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ gbogbo ewé inú igbó, ẹ̀yin tí ẹ mọ gbèsè gbogbo oníbàárà lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, ṣé lẹ́tà tí kò ju 30 lọ ni orí yín kò ní gbà?

Wọ́n ní: "Kí ìjọba ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè ìjọba ni, a kò ní dárí gbèsè náà jì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa, tó ń dúró de onígbèsè rẹ̀, kì í fi oko rẹ̀ sílẹ̀ láìro.

OHUN TÍ A Ó ṢE

1. Ẹni kan, ẹni kan. Gbogbo ẹni tó ń ka ojú ìwé yìí, kí ó mú ẹnì kan tí kò mọ̀wé, kí ó kọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún iṣu tuntun, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, tí gbogbo Savalou ń ṣe. Nígbà tí iṣu tuntun mìíràn bá dé, kí ẹni náà lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó lè ka òṣùwọ̀n. Bí ẹni 42 nínú 100 bá kọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, a ó di 84. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

2. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fún ìyàwó yín ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ní alẹ́ méjì náà, ẹ̀yin ni kí ẹ mú ọmọ dání. Bí omi bá tán, ẹ rán ọmọkùnrin náà. Kì í ṣe ọmọbìnrin nìkan ló ní orí tí a fi ń ru omi.

3. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹni tiyín kò kà sí yín létí. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí wọ́n bá ní ẹ kánjú, ẹ mọ̀ pé ìjà ti wà níbẹ̀.

4. Ẹ kọ lẹ́tà sí mẹ́ẹ̀rì yín, ní Bantè tàbí ní Savalou. Ẹ jọ kọ ọ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè iye owó tó wà fún kíláàsì àgbà. Ẹ béèrè pé kí wọ́n máa kọ ìkéde ní èdè yín. Nígbà ìdìbò, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè nípa èyí.

5. Nígbà tí akànìyàn bá tún dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn fún ẹlòmíràn. Bí ó bá béèrè pé ta ló mọ̀wé nínú ilé yìí, kí ọkọ má sọ pé "Èmi nìkan ni." Ẹ̀yin ìyá, ẹ jáde láti inú ilé ìdáná. Bí ẹ bá lè ka èyí, ẹ sọ ọ́ sókè pé: "Èmi náà mọ̀wé. Ní èdè mi ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ sílẹ̀." Kí ẹ sì wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin ará wa, a pọ̀. Kí wọ́n má fi dẹ́rù bà wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ púpọ̀ tí kò mọ̀wé, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ka ni. Ọwọ́ púpọ̀ tó mọ̀wé, ta ni yóò rẹ́ wọn jẹ?

Pípọ̀ wa kọ́ ló ń dá ìwé dúró. Ìwé ni yóò sọ pípọ̀ wa di agbára.

Ìjà náà kò tíì tán. Ẹ mú pẹ́ńsù yín!